Wọ́ọ̀tì ojú ara tó ń padà wá láàárín tọkọtaya: ohun tí ẹ máa ṣe, àti ibi tí abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ti wúlò

Ẹ ti tọ́jú rẹ̀, ó ti lọ, ẹ sì ti dúpẹ́. Kò pé oṣù méjì, ọwọ́ tún kan kókó kékeré kan níbi tí ti àkọ́kọ́ wà, nígbà míì méjì tàbí mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, nítorí ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni pé ẹnì kan ti jáde lọ gbé e wọlé. Tọkọtaya tó ti wà pa pọ̀ tipẹ́ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àwọn tí wọ́ọ̀tì, ìyẹn kókó ẹran tó ń hù sí abẹ́ tàbí ihò ìdí, ń dà láàmú, tí wọ́n ti gbọ́ pé abẹ́rẹ́ kan wà, tí wọn ò sì mọ̀ bóyá ó máa bá wọn lé e lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó. Ẹni tó bá sáré lọ gba abẹ́rẹ́ láì ṣe àwọn tó ṣáájú lè náwó síbi tí kò ti nílò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi

Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa wọ́ọ̀tì ojú ara. Oríṣi rẹ̀ lé ní 200, nǹkan bí 40 nínú wọn ló sì máa ń gbé ní abẹ́ àti ihò ìdí. Méjì péré, oríṣi 6 àti oríṣi 11, ló wà nídìí nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú wọ́ọ̀tì ojú ara mẹ́wàá. Àwọn méjèèjì yìí kì í sábà di jẹjẹrẹ. Oríṣi 16 àti 18 ni a mọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, àwọn yẹn kì í sì í hu ẹran tí ojú lásán lè rí.

Ara kíkan ara nígbà ìbálòpọ̀ ló fi ń ràn. Kò dìgbà tí àtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá dé ara ẹni. Lẹ́yìn tó bá ràn, ó sábà máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó hù, ó sì lè dákẹ́ sínú awọ fún ọdún púpọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní in kò ní rí nǹkan kan títí ara wọn á fi borí rẹ̀, láàárín ọdún méjì fún èyí tó pọ̀ jù. Nítorí náà, wọ́ọ̀tì tó hù lára ìyàwó lọ́dún kẹsàn-án ìgbéyàwó lè jẹ́ ohun tí òun tàbí ọkọ rẹ̀ ti kó kí wọ́n tó mọra. Kò sí àyẹ̀wò kankan lágbàáyé tó lè sọ ọjọ́ tó wọlé tàbí ẹni tó gbé e wọlé. Kì í ṣe mágùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àtubọ̀tán ẹnikẹ́ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà: wọ́ọ̀tì ò jẹ́rìí pé ẹnì kan ṣe àgbèrè, kò sì jẹ́rìí pé kò ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ní ẹlòmíì níta, kó sọ ọ́ fún dókítà láì fi nǹkan kan pa mọ́, torí àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá lára rẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi ń padà? Ẹran tó hù ni ìtọ́jú ń mú kúrò. Kì í pa fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú awọ tó yí i ká. Awọ náà lè dán lójú kí fáírọ́ọ̀sì ṣì wà nínú rẹ̀, bí ìgbà tí a fi àdá gé èèkan tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nílẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú ló máa ń padà jù. Kì í ṣe pé ọkọ ń kó o ran ìyàwó, tí ìyàwó tún ń kó o ran ọkọ padà. Tọkọtaya tó ti ń sùn pọ̀ ti jọ ní oríṣi yẹn tipẹ́, àwọn oníṣègùn kò sì ka kíkó o ran ara ẹni lákọ̀tun sí ohun tó ń mú un padà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹ́ kí oníṣègùn fi ojú rí i

Ẹ má fi fọ́tò ra oògùn ní kẹ́míìsì. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló jọ wọ́ọ̀tì tí kì í ṣe òun. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó tò yí orí nǹkan ọkùnrin ká, tí gbogbo wọn rí bákan náà, ara ni, kò nílò ìtọ́jú kankan. Irú rẹ̀ wà fún obìnrin náà nínú ètè ojú ara. Èyí tó lewu ni àrùn ìbálòpọ̀ tí dókítà ń pè ní syphilis: ó lè hu ẹran pẹlẹbẹ tó tutù, tó sì fẹ̀, sí ìdí àti abẹ́. Abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ló ń wo èyí sàn. Tí ẹ bá ń fi oògùn wọ́ọ̀tì jó o, àrùn náà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó wà ní ihò ìdí ni àwa Yorùbá máa ń ṣì mọ̀ jù. Ẹni tó bá ti rí ẹran níbẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ló máa pè é, agbo ló sì máa dé ẹnu. Ó lè mu agbo fún ọdún kan, á máa yàgbẹ́ gbuuru, ẹran ò ní yẹ̀. Bí ẹ bá ti lo agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí kókó náà ń pọ̀ sí i, ẹ lọ fi han dókítà. Kò dìgbà tí èèyàn bá gba ìdí bá ẹnikẹ́ni lòpọ̀ kí wọ́ọ̀tì tó hù síbẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró.

Kí tọkọtaya jọ ṣe àyẹ̀wò HIV àti ti syphilis, kí obìnrin sì ṣe ti oyún kó tó lo oògùn kankan. Àyẹ̀wò HIV ṣe pàtàkì gan-an níbí, nítorí nígbà tí agbára ọmọ ogun ara bá ti dínkù, wọ́ọ̀tì máa ń pọ̀, ó ń tóbi, ó sì ń padà léraléra. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́ẹ̀bù kankan ta àyẹ̀wò HPV fún ọkùnrin. Kò sí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún un, èsì rẹ̀ kò sì ní yí ìtọ́jú padà. Ojú àti ọwọ́ oníṣègùn ti tó láti mọ wọ́ọ̀tì. Ìgbà tó bá dúdú, tó le bí òkúta, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó di egbò, tàbí tí ìtọ́jú ò ràn án ni wọ́n máa gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sọ ọ́ fún ara yín

Ẹni tó rí i ni kó kọ́kọ́ sọ, kí ó sì sọ ọ́ nígbà tí ara tu, kì í ṣe lórí ibùsùn, kì í sì í ṣe láàárín ìjà. Ìyàwó lè sọ pé: “Bàbá Fúnmi, wọ́n ní nǹkan tó hù sí mi lára yìí lè ti wà lára èmi tàbí ẹ̀yin kí á tó fẹ́ra. Ẹjọ́ kọ́ ni mo wá rò. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀yin náà wò.” Tó bá jẹ́ ọkọ ló rí i: “Ìyá Fúnmi, nǹkan kan hù sí mi lára, mi ò fẹ́ fi pa mọ́ fún ẹ. Jẹ́ ká jọ lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ àwa méjèèjì wò.” Tí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ nínú ilé, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ìyáálé títí dé ìyàwó tó kéré jù, baálé ló sì yẹ kó sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Kó má fi í sílẹ̀ fún orogún láti sọ ọ́ fún orogún.

Obìnrin tó bá ń bẹ̀rù pé ọkọ òun lè na òun, kó sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kó tó sọ nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa gbà láti pe àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n sì bá a ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mú ìtọ́jú tó bá yín mu

Kò sí èyí tó borí gbogbo yòókù. Iye wọ́ọ̀tì, ibi tó wà, owó, àti bí ilé ìwòsàn ṣe jìnnà sí yín ni ẹ máa wò. Wọ́ọ̀tì díẹ̀ lè lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ dúró wò ó kò ṣe ohun tó burú, bí oníṣègùn bá ṣáà ti rí i.

Oògùn méjì ló gbajúmọ̀ fún lílò nílé, kí dókítà sì ti kọ ọ́ fún yín. Podophyllotoxin ni ti àkọ́kọ́. Ẹ máa fi í sórí wọ́ọ̀tì nìkan ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó wọ ṣòkòtò. Èkejì ni ìpara imiquimod 5%. Tí ẹ bá fẹ́ sùn ni kí ẹ fi pa á, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ fọ̀ ọ́ kúrò lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà sí mẹ́wàá. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 16. Imiquimod kì í jó ẹran náà. Ńṣe ló ń ru ọmọ ogun ara sókè níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gba sùúrù. Awọ máa pọ́n, ó lè ta díẹ̀. Bí ó bá di egbò, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ìpara náà máa ń sọ kọ́ńdọ̀mù di ẹlẹgẹ́, nítorí náà ẹ fọ̀ ọ́ kúrò dáadáa kí ẹ tó súnmọ́ra.

Aboyún kò gbọ́dọ̀ lo podophyllotoxin rárá, wọn kì í sì í sábà fún un ní imiquimod. Àwọn tí wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn ló dára fún un: kí wọ́n fi náítírójìn tó tutù rinrin pa á, tàbí kí wọ́n fi ásíìdì TCA kàn án, tàbí kí wọ́n gé e. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni wọ́n máa ń fi sí àárín ìtọ́jú kan àti èkejì. Tí wọ́ọ̀tì bá pọ̀ rẹpẹtẹ tàbí tó tóbi, fífi iná mànàmáná jó o tàbí gígé e máa ń tán an lọ́jọ́ kan. Èyí tó bá wọ inú ojú ara lọ́hùn-ún, ọrùn ilé ọmọ tàbí inú ihò ìdí, ọ̀gá dókítà ni ti yín, ẹ má fi oògùn ilé kàn án.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má da omi bátìrì sí i. Ẹ má fi kán-ún àti ọṣẹ pò mọ́ ọn, ẹ má fi oògùn tí wọ́n ń dà sí ilé ìgbẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ má sì ra oògùn wọ́ọ̀tì àtẹ́lẹsẹ̀ fún un. Awọ abẹ́ fẹ́lẹ́, àpá tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ kì í lọ. Ántíbáyótíìkì kò ní agbára kankan lórí fáírọ́ọ̀sì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nígbà tó bá tún yọjú

Ẹ tún un tọ́jú, ìyẹn náà ni. Pípadà rẹ̀ kò fi hàn pé ìtọ́jú àkọ́kọ́ jẹ́ irọ́, bí ọmọ ogun ara bá sì ṣe ń mọ fáírọ́ọ̀sì náà sí i ni pípadà á máa dínkù. Ẹ máa fi dígí wo ibẹ̀ lóòrèkóòrè fún oṣù mẹ́ta, torí wọ́ọ̀tì kékeré rọrùn láti pa ju ńlá lọ. Ẹ dáwọ́ fífi abẹ fá irun ibẹ̀ dúró, abẹ a máa tàn án káàkiri.

Bí oògùn kan ò bá tíì pa tó ìdajì rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ ní kí dókítà yí i padà. Imiquimod nìkan ni ẹ lè fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá. Tó bá ń padà ṣáá, ẹ wá ohun tó ń dín agbára ara kù: HIV tí wọn ò tíì rí, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá mímu, oògùn steroid tí èèyàn ti ń lò tipẹ́. Àwọn ìpara alágbára mẹ́ta-nínú-ọ̀kan tí wọ́n ń tà fún gbogbo èélá, steroid wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má fi pa abẹ́.

Ní ti ìbálòpọ̀, ẹ sinmi nígbà tí awọ bá bó. Kọ́ńdọ̀mù wúlò nígbà tí ẹ ń tọ́jú ara, àmọ́ kò bo gbogbo ibi tí fáírọ́ọ̀sì ń gbé, ẹ má fi í ṣe àṣepé. Tọkọtaya tó ń wá ọmọ kò ní láti jáwọ́, torí wọ́ọ̀tì kì í ba ilé ọmọ tàbí àtọ̀ jẹ́. Nínú oyún, ó lè tóbi sí i, ó sì sábà máa ń rọ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Wọn kì í torí wọ́ọ̀tì nìkan ṣe iṣẹ́ abẹ fún aboyún, àfi tó bá dí ojú ọ̀nà ọmọ tàbí tó lè ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ohun tó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Abẹ́rẹ́ HPV máa ń dènà èyí tí kò tíì wọlé. Kì í wo wọ́ọ̀tì tó ti hù, kì í sì í lé fáírọ́ọ̀sì tó ti wà nínú awọ. Wọ́n ti gbìyànjú fífi í kún ìtọ́jú wọ́ọ̀tì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2020, wọn ò sì rí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń dènà pípadà rẹ̀. Ẹni tó bá ń tà á fún yín gẹ́gẹ́ bí oògùn wọ́ọ̀tì ń tàn yín jẹ.

Orúkọ tó wà lára páálí tún ṣe kókó. Gardasil tó jáde ní 2006 ń dènà oríṣi 6, 11, 16 àti 18. Gardasil 9 fi márùn-ún mìíràn kún un. Cervarix àti Cecolin, 16 àti 18 ni wọ́n wà fún. Wọ́n dára fún jẹjẹrẹ, wọn ò wà fún wọ́ọ̀tì. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ta ló wá yẹ kó gbà á? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń gba gbogbo èèyàn títí dé ọdún 26 níyànjú láti gbà á. Láti ọdún 27 sí 45, wọ́n ní kí èèyàn bá dókítà rẹ̀ jíròrò, torí àǹfààní rẹ̀ ń dínkù bí èèyàn ṣe ń pàdé àwọn oríṣi náà. Ẹni tó ní wọ́ọ̀tì kò pàdánù tán: oríṣi kan ló ṣeé ṣe kó ní, abẹ́rẹ́ náà sì lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Èrò tèmi nìyí. Tọkọtaya tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 30, tí wọn ò ní ẹlòmíì, tí owó wọn sì mọ níwọ̀n, kí wọ́n kọ́kọ́ náwó náà sí àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ ìyàwó. Ìyẹn ló lè gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣì kéré sí 26, tí ẹ̀ ń múra ìgbéyàwó, tí ọkọ fẹ́ fẹ́ ìyàwó mìíràn, tàbí tí opó tàbí ẹni tó ti kọ ọkọ sílẹ̀ fẹ́ tún fẹ́ ẹlòmíì, abẹ́rẹ́ náà tó gbà, ó sì sàn kí ẹ gbà á kí ẹ tó bá ẹni tuntun náà sùn. Ẹni tó ní HIV náà, kó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, torí HPV ń dà á láàmú ju ẹlòmíì lọ.

Fún àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìlànà Gardasil sọ: èyí àkọ́kọ́, èkejì lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2022 pé ẹ̀ẹ̀mejì tó fún ẹni tó ti pé ọdún 21, kí oṣù mẹ́fà wà láàárín wọn, àmọ́ kí ẹni tó ní HIV gba mẹ́ta bó bá ṣeé ṣe. Kí aboyún dúró kó bí tán. Ìyá ọlọ́mọ ọmú lè gbà á. Níbi tí ẹ ti ń rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, kí ẹ sì rí i pé inú fìríìjì ni wọ́n ti mú un jáde. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí wọ́n bá gún yín, torí òòyì máa ń kọ́ àwọn kan.

Ìgbésẹ̀ keje: ọrùn ilé ọmọ ìyàwó

Wọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kì í di jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni oríṣi 6 àti oríṣi 16 ń gbà wọlé, ẹnì kan sì lè ní méjèèjì. Ní 2020, nǹkan bí 12,000 obìnrin ni wọ́n fojú bù pé wọ́n ní jẹjẹrẹ yìí ní Nàìjíríà, ó sì pa nǹkan bí 8,000. WHO ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọdún 30, kí ẹni tó ní HIV bẹ̀rẹ̀ ní 25. Tó bá jẹ́ àyẹ̀wò HPV ni wọ́n lò, ó lè tó ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kí ẹ tó tún un ṣe, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún fún ẹni tó ní HIV. Obìnrin lè fúnra rẹ̀ mú omi ojú ara fún àyẹ̀wò yìí. Níbi tí kò bá sí, nọ́ọ̀sì lè fi ọtí kíkan tó fẹ́lẹ́ pa ọrùn ilé ọmọ kó wo ibi tó bá funfun. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn ń ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ. Ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kò bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: àwọn ọmọ yín

Tí ẹ bá ní ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ náà. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun sì wà lára ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì àti Kwárà tẹ̀ lé wọn ní 2024. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tàbí ní ilé ẹ̀kọ́. Gardasil tó ń dènà wọ́ọ̀tì náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ohun tó ń dà yín láàmú yìí kò ní láti dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín.

Wọ́n á sọ fún yín pé ó ń mú ọmọbìnrin yàgàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí fáírọ́ọ̀sì ààyè nínú rẹ̀, èèpo òde rẹ̀ tí wọ́n ṣe sílẹ̀ ni wọ́n ń gún síni lára, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè tó ń fún ọmọ wọn. Ọmọkùnrin kò sí nínú ètò ọ̀fẹ́ ti Nàìjíríà. Bí agbára yín bá gbé e, ẹ lè rà á fún un. Àwọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n ń gún nílé ẹ̀kọ́ láti 2019, ẹ má dá fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà láì fọwọ́ sí i. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 11 tàbí 12 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ náà, ẹ kọ orúkọ abẹ́rẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n gún un sí i, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà, torí dókítà máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà.